Ojú Ìsopọ̀ Ni Ohùn Ti Ń Sọnù: Ìrírí Mi Lórí Ríra Wáyà àti Kọnẹ́kítọ̀ fún Pánẹ́ẹ̀lì Ohùn

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń fọwọ́ ara mi ṣe pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí a ń to àwọn ohun èlò iná sí, fún ampilifáyà àti míkísà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé wa ní Ìbàdàn. Èmi fúnra mi ni mo ń ya pánẹ́ẹ̀lì náà lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú KiCad, mo ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́, nígbà tó bá sì dé, èmi náà ni mo ń fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ nǹkan pọ̀, jó gbogbo ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 4 àkọ́kọ́, orí áísì àti tiransísítọ̀, àwọn ohun èlò tó ń sọ ohùn di ńlá, ni gbogbo owó mi àti gbogbo àròjinlẹ̀ mi ń lọ. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti mọ̀ bóyá tiransísítọ̀ 2SC5200 tí mo fẹ́ rà jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú, ṣùgbọ́n tó bá kan wáyà àti kọnẹ́kítọ̀, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá sún mọ́ mi jù lọ ni mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, n kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Míkísà ọlọ́nà 8 kan tí mo ṣe fún ìjọ kan ládùúgbò wa ló là mí lójú. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré kọ̀ọ̀kan ni mo fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, áísì NE5532 ló wà lórí rẹ̀, wáyà 5 ló sì so ó pọ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ńlá: iná fọ́ltì +15, iná fọ́ltì -15, áàtì, ohùn, àti áàtì ohùn. Àwọn kọnẹ́kítọ̀ funfun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní JST XH ni mo fi so wọ́n. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í yọnu. Akọrin á máa kọrin lọ, ohùn rẹ̀ á kàn lọ sílẹ̀ lójijì bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ bo ẹnu, sípíkà á fọ́n fáá, gbogbo rẹ̀ á sì tún padà bọ̀ sípò kí n tó sáré dé ìdí míkísà.

Mo pààrọ̀ NE5532 lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà, mo sì tún un yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná wá, mo tan míkísà náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo fi hẹ́dífóònù sétí, mo sì mú orín gbígbẹ kan, nítorí igi gbígbẹ kì í gbé iná, mo wá ń fi ṣóńṣó orín náà tẹ wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo kan wáyà kẹrin, etí mi gbọ́ pàù. Mo tún un kàn, ó tún dún.

Mo pa iná, mo fi abẹ́rẹ́ yọ irin tín-ín-rín tó wà nínú ike funfun náà, mo sì gbé e sábẹ́ dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Irin bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìyẹ́ ní ọ̀nà méjì: ìyẹ́ iwájú ló yẹ kó di bàbà mú, ìyẹ́ ẹ̀yìn ló yẹ kó di rọ́bà mú, kí bàbà má baà já bí ènìyàn bá fa wáyà. Lára tèmi, ìyẹ́ iwájú ti gun orí rọ́bà. Okùn bàbà mẹ́ta péré ló yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n kàn fara kan irin náà fẹ́rẹ́, bí ooru inú àpótí bá sì ti mú kí rọ́bà rọ̀ díẹ̀, wọ́n á kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò mi ló wà.

Ọwọ́ mi ló fa ti ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ta kọnẹ́kítọ̀ fún mi. Ẹ̀mú lásán tí a fi ń ká wáyà ni mo fi ń fún ìyẹ́ irin náà pa. Irin JST XH kéré gan-an, ó nílò ẹ̀mú tirẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ihò tó bá irin náà mu, tó máa ká ìyẹ́ náà wọlé kí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbà láì fọ́ ọ. Nígbà tí n kò tíì ní owó ẹ̀mú náà, mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi lẹ́ẹ̀dì kún ibi tí mo fún, mo rò pé yóò mú un le. Àṣìṣe mìíràn nìyẹn, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì tó yọ́ máa ń sá wọ àárín okùn bàbà lọ sí abẹ́ rọ́bà, á sọ wáyà tó yẹ kó rọ̀ di gbígan, ibi tí gbígan náà bá sì parí sí ni wáyà yóò ti kán bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Fún ẹni tí kò bá tíì lè ra ẹ̀mú, mo gbà á nímọ̀ràn kí ó ra wáyà tí wọ́n ti fún irin sí lórí láti ilé iṣẹ́, kí ó sì fi wọ inú ike fúnra rẹ̀. Kò wọ́n, èmi sì lò ó fún ọdún kan àbọ̀.

Ohun kan wà tó jẹ mọ́ kọnẹ́kítọ̀ funfun wọ̀nyí tí àwọn tó ń tà wọ́n kì í sọ. Ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní Alábà, bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní gbogbo rẹ̀ ọ̀kan náà ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àlàfo àárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀ lára JST XH jẹ́ mìlímítà 2.50, ti PH jẹ́ 2.0, ti VH tí a fi ń gbé iná tó pọ̀ jẹ́ 3.96, nígbà tí ti Molex KK àti ti àwọn ìlà abẹ́rẹ́ dúdú tí a ń kán jẹ́ 2.54. Ìyàtọ̀ 2.50 sí 2.54 kò lè hàn bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ 2 tàbí 3. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá di 8, ìyàtọ̀ náà ti di mìlímítà 0.28, ẹ ó sì ní láti fi agbára tì í wọ pánẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ tí a bá sì fi agbára tì á máa fa ojú lẹ́ẹ̀dì títí tí yóò fi là. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, kálípà mi, ohun tí mo fi ń wọn àlàfo tín-ín-rín, kì í kúrò nínú àpò tí mo ń gbé lọ sọ́jà. Bí iye iná tí wọ́n lè gbé ṣe pọ̀ tó náà yàtọ̀ síra: XH gba ampia 3, PH gba 2, VH gba 10, wáyà tí a lò sì gbọ́dọ̀ nípọn tó kí ó tó lè gbé iye bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi XH gbé iná láti tiransifọ́mà lọ sí ampilifáyà ńlá yóò rí i pé ike funfun náà máa pọ́n, lẹ́yìn náà yóò dúdú.

Ọ̀rọ̀ jáàkì ló ná mi lówó jù lọ. Mo ti ya pánẹ́ẹ̀lì kan, mo sì ti ní kí wọ́n tẹ 20 rẹ̀ wá fún mi, kí n tó lọ sọ́jà lọ ra jáàkì mìlímítà 6.35 tí yóò jókòó lórí rẹ̀. Àwòrán jáàkì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni mo tẹ̀ lé. Gbogbo jáàkì bẹ́ẹ̀ ló bá pùlọ́ọ̀gì kan náà mu, nítorí pé ìwọ̀n pùlọ́ọ̀gì yẹn ti wà láti ayé àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tó ń fọwọ́ so ìpè pọ̀ ní ọ̀rúndún 19, ṣùgbọ́n ibi tó bá wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fi ẹsẹ̀ jáàkì tirẹ̀ sí lábẹ́. Èyí tí mo rí rà kò wọ ihò kankan lórí pánẹ́ẹ̀lì mi. Gbogbo 20 ni mo fi wáyà kúkúrú kúkúrú so mọ́ jáàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó yẹ kí n fi ọjọ́ kan ṣe gba ọjọ́ 6, ìdajì wọn ló sì padà wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé wáyà bẹ́ẹ̀ já.

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ra kọnẹ́kítọ̀ kí n tó ya ìlà kan ṣoṣo. Tí mo bá yàwòrán tán, màá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, màá tẹ́ ìwé náà sórí fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifísọ̀n, màá sì mú jáàkì gidi, kánọ̀nù gidi (kọnẹ́kítọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ 3 tí wáyà máìkì ń wọ̀) àti fólúùmù gidi, màá fi ẹsẹ̀ wọn gún ìwé náà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́ ojú ihò tí mo yà, àní kó jẹ́ ìdajì mìlímítà, ojú ni màá fi rí i níbẹ̀. Mo sì kọ́ pé kí n ra gbogbo èyí tí iṣẹ́ kan máa gbà, pẹ̀lú àlékún, lọ́jọ́ kan náà àti láti inú páálí kan náà, nítorí bí mo bá padà lọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ iṣẹ́ inú ìsọ̀ á na jáàkì mìíràn sí mi pé irú tọjọ́sí nìyí, ó sì lè jẹ́ pé àwọ̀ dúdú nìkan ló fi jọ ọ́.

Wáyà ló kù. Ìjọ kan náà ní kí n so sípíkà méjì mọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wáyà rẹ̀ yóò rin mítà 20. Mo lọ sí Alábà, níbi tí mo ti rí wáyà sípíkà tí wọ́n kọ ìwọ̀n 1 sí lára, ìyẹn mìlímítà onígun mẹ́rin 1 ní ojú bàbà rẹ̀, tó mọ́lẹ̀, tó sì pọ́n bíi góòlù nínú rọ́bà tó ń dán.

Mo béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbà ni?"

Ó ní, "Bàbà pọ́ńbélé ni, ọ̀gá mi. Ẹ wo ojú ẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀, mo sanwó. Láàárín ọdún kan, ohùn àwọn sípíkà ẹ̀yìn ti ń rọ̀, ojú ibi tí ìdè ti di wáyà mú sì ti dúdú. Mo tú u, mo fi ọ̀bẹ ha okùn kan: abẹ́ àwọ̀ pupa náà funfun bíi ṣíbí. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára ni. Kì í ṣe pé ohun èlò yìí kò níbi tó wúlò sí, ṣùgbọ́n kì í gbé iná tó bàbà, alumíníọ̀mù sì máa ń rọ̀ lábẹ́ ìdè títí tí ìdè yóò fi tú. Mo fi mítà tí a fi ń yẹ iná wò wọn ìdènà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà, ní àlọ àti àbọ̀, ó jẹ́ ohm 1.4. Sípíkà méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ ohm 4. Èyí túmọ̀ sí pé ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ampilifáyà mi ń pèsè ló ń di ooru lásán nínú wáyà, kí ó tó dé etí ẹnikẹ́ni. Bàbà gidi tó tó ìwọ̀n 1 ì bá ti jẹ́ nǹkan bí ohm 0.7, ti ìwọ̀n 2.5 ì bá sì ti jẹ́ ohm 0.28, níbi tí àdánù náà kò ti ní ju ìdá 7 lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Nítorí náà, mo ní ọ̀nà mẹ́ta tí mo fi ń dán wáyà wò ní ọjà báyìí. Èkíní ni ọ̀bẹ, èyí tí mo ti sọ. Mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí n tó gé e, mo sì máa ń sọ pé màá san owó ibi tí mo bá gé. Èkejì ni òòfà, nítorí pé wáyà kan wà tí irin ló wà nínú rẹ̀, òòfà á sì gbé e. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò nílò kí a gé ohunkóhun: mítà àti òṣùwọ̀n. Bí wáyà olókùn méjì bá jẹ́ róòlù mítà 100, ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀ ní ìkángun kan, ẹ sì wọn ìdènà ní ìkángun kejì. Tó bá jẹ́ bàbà ìwọ̀n 1, ohm 3.4 tàbí 3.5 lẹ máa rí. Tó bá súnmọ́ 5 tàbí tó kọjá á, yálà alumíníọ̀mù ni tàbí kí ó má tó ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára. Fún wáyà tó nípọn, mítà olówó pọ́ọ́kú kì í ka ìdènà kékeré bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í yí: róòlù mítà 100 ti wáyà olókùn kan tó jẹ́ ìwọ̀n 2.5, bàbà inú rẹ̀ nìkan ju kílò 2 lọ, nígbà tí ti alumíníọ̀mù tí wọ́n bò kì í pé kílò 1. Bí mo bá gbé róòlù tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí òwú, màá dá a padà.

Fún wáyà sípíkà tó máa jókòó sójú kan lára ògiri, mo ti fi wáyà iná ilé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí, irú èyí tí Cutix ń ṣe ní Nnewi àti Coleman ní ìpínlẹ̀ Ògùn, rọ́pò àwọn wáyà dídán yẹn. Bàbà inú rẹ̀ pé. Kò lẹ́wà bíi ti òkèèrè, ó sì gan, nítorí náà kò dára fún ohun tí wọ́n máa ń ká tí wọ́n sì máa ń tú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wáyà máìkì ní ìṣòro tirẹ̀. Ohùn tó ń jáde látinú máìkì kò ju mílífọ́ltì díẹ̀ lọ, a sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po 1000 nínú míkísà kí ó tó dé sípíkà, tí ó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí wáyà bá fà mọ́ra lójú ọ̀nà, pàápàá kíkùn iná ilé tó wà ní hertz 50, yóò di ìlọ́po 1000 pẹ̀lú rẹ̀. Àwọ̀n bàbà tó yí okùn méjèèjì ká ló ń dá èyí dúró. Mo gé wáyà máìkì olówó pọ́ọ́kú kan, mo sì rí i pé àwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀n rárá: okùn bíi 12 ni wọ́n kàn fi wé e, àlàfo àárín wọn sì tó ohun tí èèrà lè gbà kọjá. Ibi tí mo ti rí èyí tó dára jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Wọ́n máa ń kó wáyà wá láti àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n tú ní Yúróòpù, ó lè ti pẹ́, rọ́bà rẹ̀ lè ti le, ṣùgbọ́n bí a bá gé ìkángun rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, àwọ̀n tí a hun dí pa ló máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú àpótí tí wáyà kì í ti yí padà, èyí tí wọ́n fi bébà alumíníọ̀mù bò tó, ó sì rọrùn láti gé.

Kánọ̀nù, èyí tí àwọn ìwé ń pè ní XLR, gba orúkọ tí a ń pè é lọ́jà látọ̀dọ̀ James H. Cannon tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles kọ́kọ́ ṣe é. Ẹsẹ̀ 1 ni àwọ̀n, ẹsẹ̀ 2 ni ohùn, ẹsẹ̀ 3 ni ìdàkejì ohùn. Ní ọdún 1995, Neil Muncy, onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, ṣàlàyé ohun kan tí mo ti fojú ara mi rí kí n tó kà á: bí a bá gbé ẹsẹ̀ 1 lọ sí áàtì ohùn lórí pánẹ́ẹ̀lì dípò ara àpótí irin, gbogbo kíkùn tí àwọ̀n ti kó mọ́ra ni a tú sínú ohùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń ra kánọ̀nù tó ní ahọ́n irin kẹrin tó máa kan ara àpótí, tí n kò sì ra èyí tó jẹ́ ike látòkè délẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Kọnẹ́kítọ̀ fúyẹ́, wáyà wúwo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pín ọ̀nà tí mo ń gbà rà wọ́n. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham máa ń bá mi ra kánọ̀nù, pùlọ́ọ̀gì Neutrik àti irin kọnẹ́kítọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì máa ń kó wọn sínú báàgì rẹ̀ bó bá ń bọ̀ wálé fún ọdún, ìwọ̀n wọn kì í ju ti bàtà kan lọ. Bí mo bá ní kí ilé ìtajà fi ohun kan náà ránṣẹ́ tààrà, owó ìfiránṣẹ́ máa ń ju owó ọjà lọ. Wáyà ní tirẹ̀, ilé ni mo ti ń rà á, pẹ̀lú ọ̀bẹ, òòfà, mítà àti òṣùwọ̀n.

Míkísà ọlọ́nà 12 ni mo fẹ́ ṣe báyìí. Kánọ̀nù 14 ti wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì mi, jáàkì 16 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti fi kálípà wọn wọ́n, mo sì ti kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn sínú ìwé. Kọnẹ́kítọ̀ VH tí yóò gbé iná wọlé ló kù tí àbúrò mi máa mú bọ̀ ní oṣù Kejìlá, n kò sì ní ṣí KiCad títí tí wọn yóò fi dé ọwọ́ mi.